Ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù mi ti wálẹ̀: irú sípíríǹgì wo ni kí n rà?

Òǹkàwé kan kọ̀wé sí mi báyìí: "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Toyota Hilux ọdún 1992 ni mò ń lò. Torsion bar, ìyẹn ọ̀pá irin tó ń lọ́ láti ṣe iṣẹ́ sípíríǹgì, ló wà níwájú rẹ̀, sípíríǹgì onírin pẹlẹbẹ ló wà lẹ́yìn. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti wálẹ̀ gan-an, ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ sì wálẹ̀ ju ẹ̀gbẹ́ kejì lọ. Bí mo bá gbé ẹrù tí mo sì bọ́ sí kòtò, màá gbọ́ 'gbà!' lábẹ́. Mẹkáníìkì mi ní irin náà ti rọ̀, pé kí n fi irin kan kún un, tàbí kí n kúkú ra èyí tó nípọn. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ṣọ́kù tuntun ló máa yanjú ẹ̀. Ẹni tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ tún fi èyí tó máa gbé ọkọ̀ sókè hàn mí. Bí ọjọ́ kan tàbí méjì lọ́sẹ̀ ni mo máa ń gbé ẹrù tó tó kílógíráàmù 600. Lọ́jọ́ yòókù, èmi nìkan ni mo máa ń wà nínú ọkọ̀. Ẹ jọ̀ọ́ sà, èwo ni kí n rà?"

Ẹ ṣeun tí ẹ sọ iye ẹrù tí ẹ ń gbé àti iye ọjọ́ tí ẹ ń gbé e. Ọ̀pọ̀ tó ń béèrè irú ìbéèrè yìí kì í sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni ìdáhùn ti ń wá. Bí ọ̀rọ̀ yín bá yé mi, nǹkan mẹ́ta ló ń dà yín láàmú: ẹ̀yìn ọkọ̀ ti wálẹ̀, ó fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì ń gbá nísàlẹ̀ bí ẹrù bá wà níbẹ̀. Ìmọ̀ràn mẹ́rin ti dé etí yín, kò sì sí méjì tó bára mu nínú wọn. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi kí n tó ṣàlàyé. Sípíríǹgì tuntun méjì ni kí ẹ rà, kí líle rẹ̀ jẹ́ iye tí ilé iṣẹ́ fi ṣe ọkọ̀ yẹn, kí awẹ́ (ìyẹn irin pẹlẹbẹ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n tò léra) tó nípọn tó máa ń wà nísàlẹ̀ rẹ̀ sì pé. Ẹ má ra èyí tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ ẹ má tíì sanwó fún ẹnikẹ́ni, nítorí àwọn nǹkan kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ wọ̀n ná.

Ọ̀rọ̀ pé irin ti rọ̀ ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mú, torí òun ló ń ṣi èèyàn lọ́nà jù. Irin sípíríǹgì kì í rọ̀ nítorí pé ó ti pẹ́. Bí sípíríǹgì ṣe le sí, ìyẹn iye ẹrù tó máa gbà kó tó lọ sílẹ̀ mílímítà kan, ọwọ́ nǹkan mélòó kan ló wà: irú irin tó jẹ́, gígùn rẹ̀, fífẹ̀ rẹ̀, nínípọn rẹ̀, àti iye awẹ́ tí wọ́n tò léra wọn. Ọgbọ̀n ọdún kò lè yí èyíkéyìí nínú wọn padà, àfi bí ìpẹtà bá ti jẹ irin náà tín-ín-rín tàbí bí awẹ́ kan bá ti ṣẹ́. Ohun tó ń bá ọjọ́ lọ ni ìtẹ̀ rẹ̀, ìyẹn bí àárín rẹ̀ ṣe jìn sílẹ̀ tó sí ojú ihò méjèèjì tó wà ní orí rẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn. Ẹ wo igi àjà tí ẹrù ti wà lórí rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ó ti tẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ bí ẹ bá fọwọ́ tì í, bó ṣe le tẹ́lẹ̀ náà ló ṣì le. Sípíríǹgì yín ti tẹ́, kò rọ̀. Ẹni tó bá sì gbà pé ó rọ̀ ló máa lọ ra èyí tó le jù, tí ọkọ̀ á wá di ohun tí kò ṣeé wọ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi iye wò ó. Àpẹẹrẹ lásán ni o, kì í ṣe iye tó wà lára ọkọ̀ yín. Ká ní sípíríǹgì kan ń lọ sílẹ̀ mílímítà 1 fún kílógíráàmù 4 kọ̀ọ̀kan tó bá gùn ún. Ká ní nígbà tó ṣì jẹ́ tuntun, tí ọkọ̀ sì ṣófo, àlàfo tó wà láàárín axle (ọ̀pá irin ńlá tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀) àti bump stop, ìyẹn rọ́bà dúdú tó wà lábẹ́ ṣáṣí, jẹ́ mílímítà 80. Bí ẹrù tó bọ́ sórí axle ẹ̀yìn bá jẹ́ kílógíráàmù 540, ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan á gba 270, sípíríǹgì á lọ sílẹ̀ bíi mílímítà 67. Ó ṣì ṣẹ́ku díẹ̀, awẹ́ ìsàlẹ̀ tó nípọn yẹn, tó máa ń tọ́ gbọnrangandan, á sì ti gbà á kó tó dé ibẹ̀ nínú kòtò. Wàyí o, ká ní sípíríǹgì kan náà ti pàdánù mílímítà 40 nínú ìtẹ̀ rẹ̀. Àlàfo ti di 40. Kílógíráàmù 160 lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, 320 lápapọ̀, ti tó láti gbé axle dé ara rọ́bà, kí ẹ tó kan kòtò kankan. Líle irin kò yí padà rárá nínú ìṣirò yìí, síbẹ̀ ọkọ̀ tí kì í gbá tẹ́lẹ̀ ti ń gbá. Ohun tí ẹ ń gbọ́ lábẹ́ nìyẹn. Ẹ wo rọ́bà náà fúnra yín: bí ó bá ti ń dán lórí tàbí tó ti fàya, tí ojú irin tó kọjú sí i lórí axle sì ti họ, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń pàdé.

Ti ṣọ́kù kò gba àlàyé púpọ̀. Ṣọ́kù kì í gbé ọkọ̀ dúró. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti jẹ́ kí sípíríǹgì tètè ṣíwọ́ jíjó lẹ́yìn tó bá ti gba kòtò. Èyí tí wọ́n fi afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀ máa ń ti ara ọkọ̀ sókè díẹ̀, àmọ́ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí ẹ ń wá. Kéèyàn máa pààrọ̀ ṣọ́kù nítorí ẹ̀yìn tó wálẹ̀, ẹ̀tẹ̀ ló fi sílẹ̀ tó ń pa làpálàpá. Síbẹ̀, bí epo bá ti ń sun lára ṣọ́kù yín, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà tí ẹ bá ń pààrọ̀ sípíríǹgì, torí sípíríǹgì tuntun pẹ̀lú ṣọ́kù tó ti kú á jẹ́ kí ọkọ̀ máa jó láti ìbẹ̀rẹ̀ ìrìn títí dé òpin.

Fífì tó fì sí ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ ni èmi máa fara balẹ̀ wò jù, torí ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ ẹ̀yìn ló fà á. Lóòótọ́, ẹ̀gbẹ́ tí awakọ̀ ń jókòó sí lójoojúmọ́ máa ń tètè tẹ́ ju èkejì lọ, àwọn ilé iṣẹ́ kan sì mọ èyí débi pé wọ́n máa ń ṣe sípíríǹgì ẹ̀gbẹ́ kan ga díẹ̀ ju ìkejì. Àmọ́ ara ọkọ̀ le. Bí torsion bar iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bá ti wálẹ̀, yóò fa ẹ̀yìn mọ́ra, ẹ̀yin á sì máa bá sípíríǹgì tí kò ṣe ohunkóhun jà. Báyìí ni mo ṣe máa ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí afẹ́fẹ́ táyà dọ́gba, kí ohunkóhun má sí lẹ́yìn. Ẹ mi ọkọ̀ náà sókè sódò díẹ̀ kó lè jókòó dáadáa. Ẹ wá fi téèpù wọ̀n láti àárín gbùngbùn táyà kọ̀ọ̀kan dé etí fẹ́ńdà tó wà lókè rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ má wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀, torí táyà tó ti jẹ tàbí tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò tó á purọ́ fún yín. Lẹ́yìn náà, ẹ fi igi dí táyà iwájú méjèèjì níwájú àti lẹ́yìn, kí ẹ fi jáàkì gbé axle ẹ̀yìn ní àárín, níbi ikùn rẹ̀ tó wú, títí táyà ẹ̀yìn méjèèjì á fi kúrò nílẹ̀ díẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wọ abẹ́ rẹ̀ o. Ní báyìí, axle ẹ̀yìn lè yí sọ́tùn-ún sósì lórí jáàkì, kò lè ti ara ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kankan mọ́, iwájú nìkan ló kù tó ń sọ bí ọkọ̀ ṣe máa dúró. Bí ara ọkọ̀ bá dọ́gba báyìí, ẹ̀yìn ló lẹ̀bi. Bí ó bá ṣì fì bó ṣe fì tẹ́lẹ̀, ẹ lọ wo iwájú.

Bó bá jẹ́ iwájú, torsion bar ní bóòtù tí wọ́n fi ń tún gíga rẹ̀ ṣe, ó sì lè jẹ́ pé yíyí bóòtù yẹn díẹ̀ ni gbogbo ohun tí ọkọ̀ ń fẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yẹn. Yíyí i kì í jẹ́ kí iwájú le sí i, gíga nìkan ló ń yí padà, ó sì ń dín àyè tí táyà ní láti sọ̀ kalẹ̀ nínú kòtò kù. Nítorí náà, ẹ má yí i ju ohun tó máa dá a padà sí gíga tó yẹ lọ, kí ẹ sì mú ọkọ̀ lọ fún títo táyà lẹ́yìn rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, táyà iwájú á máa jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ká wá gbà pé ẹ̀yìn ló lẹ̀bi, bí mo ṣe rò pé ó rí. Ohun tó kàn ni kí ẹ mọ ìwọ̀n tí axle ẹ̀yìn ń gbé ní tòótọ́. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń wọn ọkọ̀ akẹ́rù, kí wọ́n wọn axle ẹ̀yìn nìkan lẹ́ẹ̀mejì: nígbà tí ọkọ̀ ṣófo, àti nígbà tí ẹrù tí ẹ sábà máa ń gbé wà lórí rẹ̀. Ká ní ó jẹ́ kílógíráàmù 620 lófo, tó sì di 1,160 pẹ̀lú ẹrù. Kì í ṣe gbogbo 620 yẹn ni sípíríǹgì ń gbé, torí axle fúnra rẹ̀, táyà, rim àti bíréèkì wà nísàlẹ̀ sípíríǹgì. Bí àwọn wọ̀nyí bá tó bíi 160, ohun tó ṣẹ́kù fún sípíríǹgì méjèèjì lófo jẹ́ 460, ìyẹn 230 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Pẹ̀lú ẹrù, ó di 500 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Iye méjì yìí, 230 àti 500, ló dára kí ẹ gbé lọ bá ẹni tó ń ta sípíríǹgì tàbí ẹni tó ń rọ ọ́. Ẹni tó mọṣẹ́ á mọ ohun tó máa fún yín. Ẹni tó bá wò yín bí ẹni pé ẹ ń yọ òun lẹ́nu, ẹ má rà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìdí tí mi ò fi fẹ́ kí ẹ ra èyí tó nípọn nìyí. Líle awẹ́ kan ń gun orí nínípọn rẹ̀ lọ́nà tí ojú kì í fi í rí. Ẹ fi nínípọn rẹ̀ lọ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta: awẹ́ onímílímítà 7 jẹ́ 7 lọ́nà 7 lọ́nà 7, ìyẹn 343, onímílímítà 8 jẹ́ 512. Mílímítà kan ṣoṣo tí ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè fojú mọ̀ ti fi nǹkan bí ìdajì líle ti tẹ́lẹ̀ kún un. Sípíríǹgì tí wọ́n ní ó nípọn díẹ̀, tó sì tún ní awẹ́ kan lé ti tẹ́lẹ̀, lè le ní ìlọ́po méjì. Ẹ padà sí 230 wa. Lórí sípíríǹgì tó gba kílógíráàmù 4 fún mílímítà kan, ẹ̀yìn ọkọ̀ òfo á máa jó bíi ẹ̀ẹ̀mejì láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn sì ti le tó fún ara èèyàn. Lórí èyí tó gba 8, á di nǹkan bí ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹ̀yìn á máa fò lórí gbogbo gbágungbàgun ọ̀nà, táyà á máa kúrò nílẹ̀. Táyà tí kò sì sí nílẹ̀ kò lè bá yín dá ọkọ̀ dúró, pàápàá lórí ọ̀nà tó tutù. Ọjọ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà lọ́sẹ̀ lẹ ó fi máa jẹ irú ìyà yìí nítorí ọjọ́ kan tàbí méjì.

Àwọn kan sì gbà pé bí sípíríǹgì bá ti le, ọkọ̀ ti lè gbé ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, ọ̀rọ̀ yìí sì ká mi lára. Ìwọ̀n tí ilé iṣẹ́ kọ sára ọkọ̀, ní ẹnu ilẹ̀kùn awakọ̀ tàbí lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n ṣírò bíréèkì, axle, bẹ́árìn, rim, táyà àti ṣáṣí mọ́ ọn. Sípíríǹgì tó le máa ń jẹ́ kí ọkọ̀ tó ti ru ẹrù àrùjù dúró gangan bí ẹni tí kò rù ú, awakọ̀ ò sì ní rí àmì kankan títí di ìgbà tó bá tẹ bíréèkì.

Ti fífi awẹ́ kan kún un ńkọ́? Mi ò ní sọ pé kò dára rárá. Bí ẹni kan bá ní irinṣẹ́ tó wúwo lẹ́yìn ọkọ̀ tí kì í sọ̀ kalẹ̀ tọ̀sán tòru, tí sípíríǹgì rẹ̀ sì ṣì ní ìtẹ̀ tó dáa, awẹ́ kan tó gùn dé ìtòsí ihò méjèèjì bọ́gbọ́n mu. Bí awẹ́ mẹ́rin bá wà níbẹ̀ tí ẹ fi ẹ̀karùn-ún tó nípọn bákan náà kún un, líle á lọ sókè bí ìdá kan nínú mẹ́rin. Ìṣòro wà nínú èyí tó kúrú, òun sì ni wọ́n sábà máa ń tà torí kò wọ́n. Orí rẹ̀ méjèèjì ló máa ń ti awẹ́ òkè sókè. Ojú ibi tí orí yẹn kan awẹ́ òkè ni gbogbo wàhálà á kó sí, ibẹ̀ náà ló sì sábà máa ń ṣẹ́. Ti yín tún wá jẹ́ awẹ́ tó ti tẹ́. Awẹ́ tuntun á máa dá ẹrù ti àwọn àgbà gbé, á tẹ́ kíákíá, ẹ ó sì tún padà sí ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọn tó ń fi òòlù lu sípíríǹgì kó lè padà tẹ̀ wà káàkiri, owó wọn kì í sì í pọ̀. Bí wọ́n bá lù ú ní tútù, á gbé ọkọ̀ sókè fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà á padà sọ̀. Bí wọ́n bá fi iná sí i, ẹ sá fún un. Irin tí wọ́n fi ń ṣe sípíríǹgì, irú èyí tí wọ́n ń pè ní 5160 ní Amẹ́ríkà tàbí SUP9A ní Japan, ilé iṣẹ́ ti mú un gbóná dé ìwọ̀n kan, wọ́n ti rì í sínú epo, wọ́n sì tún ti mú un gbóná ní ìwọ̀nba kó má bàa jẹ́ ẹlẹgẹ́. Iná gáàsì tí wọ́n fi sun ún lójú kan máa ba gbogbo iṣẹ́ yẹn jẹ́ lójú ibẹ̀. Ìyẹn nìkan ni ọ̀nà tí irin sípíríǹgì fi lè rọ̀ ní tòótọ́: á tètè tẹ̀ kò sì ní padà, tàbí kó dá lójijì. Ilé iṣẹ́ tó ní ààrò tó péye, tó lè tú gbogbo awẹ́, tẹ̀ wọ́n, kí wọ́n sì tún tọ́jú irin náà láti ìbẹ̀rẹ̀, ìyẹn yàtọ̀. Bí irú rẹ̀ bá wà nítòsí yín, tí awẹ́ yín kò sì tíì dípẹtà, ẹ lè gbà á rò. Kí wọ́n má sì jó awẹ́ tó ṣẹ́ pọ̀ láé. Ojú ibi tí wọ́n jó á tún ṣẹ́.

Èyí tó ń gbé ọkọ̀ sókè ni mo rí i pé ó ń fa ojú yín mọ́ra díẹ̀. Kò sí ohun tó burú nínú kí ọkọ̀ ga, bó bá jẹ́ ọ̀nà tí ẹ ń gbà ló fẹ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹ mọ ohun tó so mọ́ ọn. Ọ̀pá tó ń gbé agbára lọ sẹ́yìn á yí igun rẹ̀ padà, ó sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Páìpù bíréèkì onírọ́bà tó lọ sórí axle lè kúrú jù. Èyí tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì máa ń gbàgbé ni fáàfù bíréèkì tó wà lókè axle ẹ̀yìn lára ọ̀pọ̀ Hilux àti àwọn píkọ́ọ̀pù Japan mìíràn. Ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan so ó mọ́ axle. Bí ẹrù bá gbé ara ọkọ̀ sún mọ́ axle, ọ̀pá yẹn á sọ fún fáàfù pé ẹrù wà, kó jẹ́ kí bíréèkì ẹ̀yìn ṣiṣẹ́ dáadáa. Bí ẹ bá gbé ọkọ̀ sókè tí ẹ kò tún ọ̀pá náà ṣe, fáàfù á máa rò pé ọkọ̀ ṣófo ní gbogbo ìgbà, kódà pẹ̀lú kílógíráàmù 600, bíréèkì ẹ̀yìn á sì máa ṣe ìlàjì iṣẹ́. Ẹ wọ abẹ́ ọkọ̀ yín, ẹ wò ó bóyá ó wà níbẹ̀ kí ẹ tó ra ohunkóhun tó máa yí gíga padà. Shackle gígùn, ìyẹn irin kékeré tó so orí ẹ̀yìn sípíríǹgì mọ́ ṣáṣí, náà kò yàtọ̀: gíga ló ń fi kún un, kò ṣe ohunkóhun fún irin tó tẹ́.

Ní ti àlòkù, mi ò fẹ́ kó jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa rò. Sípíríǹgì tó wá láti ara ọkọ̀ tó jẹ́ ẹgbẹ́ tiyín ti jẹ ọdún tí tiyín jẹ. Bí owó kò bá jẹ́ kí ẹ rí tuntun, ẹ wá èyí tó wá láti ara ọkọ̀ tí wọ́n fi ń gbé èèyàn, tí kì í gbé ẹrù, kí ẹ tò ó síwájú tiyín lórí ilẹ̀ kí ẹ rí ìyàtọ̀ ìtẹ̀ wọn pẹ̀lú ojú yín. Ẹ fọ ọ́ dáadáa kí ẹ tó sanwó, torí ẹrẹ̀ àti gíríìsì máa ń bo ibi tó ti là, pàápàá ní àyíká ihò bóòtù àárín, ìyẹn èyí tó gba àárín gbogbo awẹ́ kọjá.

Bí ẹ bá wá fẹ́ rà, orúkọ ọkọ̀ àti ọdún nìkan kò tó, torí oríṣi sípíríǹgì tó ju ẹyọ kan lọ ló lè wà fún ọkọ̀ ọdún kan náà. Ẹ wọn tiyín. Láti àárín ihò iwájú dé bóòtù àárín, àti láti bóòtù àárín dé ihò ẹ̀yìn, kí ẹ tẹ̀ lé ara irin náà bó ṣe tẹ̀, ẹ má fà á gbọọrọ lójú òfúrufú. Iye méjèèjì kì í sábà dọ́gba. Iwájú ló sábà máa ń kúrú. Bí ẹ bá fi èyí tí iye rẹ̀ yàtọ̀ sí i, axle á sún síwájú tàbí sẹ́yìn, táyà kò sì ní wà ní àárín fẹ́ńdà mọ́. Ẹ wọn fífẹ̀ awẹ́, torí èyí tó jẹ́ mílímítà 60 kò ní wọ ibi tí wọ́n ṣe fún 50. Ẹ wọn ihò fún bọ́ṣì (rọ́bà tó máa ń wà nínú ihò náà), nínípọn bóòtù tó gba inú rẹ̀ kọjá, àti orí bóòtù àárín tó ń wọnú axle. Ẹ wò ó bóyá awẹ́ kejì fẹ́rẹ̀ẹ́ yí ihò iwájú ká. Mo fẹ́ràn èyí tó bá rí bẹ́ẹ̀, torí bí awẹ́ òkè bá dá lọ́nà, èkejì á ṣì di axle mú títí ẹ ó fi dúró.

Méjèèjì ni kí ẹ pààrọ̀ pọ̀, kódà bó jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan ló tẹ́ jù. Ẹ ra U-bolt tuntun, ìyẹn bóòtù tó tẹ̀ bí U tó ń di sípíríǹgì mọ́ axle, pẹ̀lú wọn. U-bolt tí wọ́n ti fún le rí ti nà, kò sì lè di sípíríǹgì mú bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Bí ó bá tú díẹ̀, bóòtù àárín ni gbogbo agbára á lọ bá, á sì gé. Ẹ ra bọ́ṣì tuntun náà. Nígbà tí wọ́n bá ń dè é, kí wọ́n máa fún nọ́ọ̀tì U-bolt mẹ́rẹ̀ẹ̀rin díẹ̀díẹ̀ ní ìkọjú síra, títí dé ìwọ̀n tí ìwé ọkọ̀ sọ. Bóòtù tó gba inú bọ́ṣì rọ́bà, kí wọ́n fi í sílẹ̀ láìfún un parí títí ọkọ̀ á fi bọ́ sílẹ̀ lórí táyà rẹ̀. Bí wọ́n bá fún un pa nígbà tí ọkọ̀ ṣì wà lórí jáàkì, rọ́bà á ti yí kí ìrìn tó bẹ̀rẹ̀, á sì ya láìpẹ́. Ẹ dúró tì wọ́n fún èyí, torí ọ̀pọ̀ ló máa ń fẹ́ parí iṣẹ́ lókè kí wọ́n lè tètè yọ jáàkì.

Ohun kan wà tí mi ò lè bá yín wò láti ibi tí mo wà: ara ṣáṣí níbi tí ihò iwájú sípíríǹgì àti shackle ti so mọ́ ọn. Ọkọ̀ ọdún 1992 ni. Bí ìpẹtà bá ti jẹ ibẹ̀, sípíríǹgì tuntun tó ga, tó sì ń tì í gidi, lè ya á kúrò. Ẹ fi òòlù kékeré kan gbogbo àyíká ibẹ̀ kí ẹ tó ra ohunkóhun. Bí ó bá ń dún kedere, ó dáa. Bí ó bá ń dún pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, tí ìpẹtà ń ṣí bí èèpo, ẹni tó mọ ṣáṣí jó dáadáa ni kí ẹ kọ́kọ́ rí, kí owó sípíríǹgì dúró ná. Bákan náà, bí ẹ bá wọn ọkọ̀ tí ẹ rí i pé ẹrù yín ti kọjá ohun tí ilé iṣẹ́ kọ fún axle ẹ̀yìn, kò sí sípíríǹgì tí mo lè dárúkọ fún yín. Kí ẹ pín ẹrù náà sí ìrìn méjì ló kù.

Lẹ́yìn bíi kìlómítà 500, ẹ jẹ́ kí wọ́n tún fún U-bolt wò. Sípíríǹgì tuntun á sọ̀ díẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́, nítorí náà bí ẹ̀yìn bá ga díẹ̀ ju ohun tí ẹ retí lọ, ẹ má jáyà, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ awẹ́ kankan kúrò nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá parí iṣẹ́ náà gan-an ni kí wọ́n ti tún ọ̀pá fáàfù bíréèkì ṣe, kí ẹ tó gbé ẹrù kankan. Bí gbogbo rẹ̀ bá wá jókòó tán, ẹ tún wọ̀n láti àárín táyà dé etí fẹ́ńdà, ẹ fi wé iye tí ẹ kọ sílẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí wọ́n tún ọ̀pá náà yẹ̀ wò sí gíga tuntun yìí, kí wọ́n sì tún ojú iná iwájú tò, torí á ti máa wólẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.